Nọ́ọ̀sì Ọjọ́ Kan

"Dúró dáadáa, jàre! Nọ́ọ̀sì kì í gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè jíjà." Ẹ̀rín ni Lorpu ń rín bó ṣe ń de bọ́tìnnì aṣọ funfun náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nowai kò bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ilé ìwé ìlú rẹ̀, Gbalasu, kò sì kọjá kíláàsì kẹsàn-án tó ti parí láti èṣí. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé orílẹ̀-èdè wọn ti parí, kò sí olóṣèlú tó wá síbẹ̀ tí kò ṣèlérí ilé ìwé gíga àti ilé ìwòsàn. Ònórébù Dorbor nìkan ló tilẹ̀ kọ́ nǹkan kan: ilé ìwòsàn tí páànù orí rẹ̀ ń kọ mànà. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀, kò sí oògùn. Àwọn bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ pàápàá, wọ́n yá wọn ni.

Ọ̀gbẹ́ni Varney, akọ̀wé Ònórébù, ló wá bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. "Ọjọ́ kan péré ni, àbúrò. Àwọn òyìnbó tó ràn wá lọ́wọ́ ń bọ̀ wá wò ó. Wọṣọ yìí, kí o sì báwọn aráàlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Lẹ́yìn náà, a ó fi ọ́ sílé ìwé ní ìlú Gbarnga lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹ ò ní yẹ̀ ẹ́, sà?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń yẹ àdéhùn?"

Nowai gbà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ ṣíṣí ilé ìwòsàn náà, ohùn rẹ̀ jáde lórí rédíò: "Ilé ìwòsàn Gbalasu ti ṣí o! Nọ́ọ̀sì wà níbí. Ẹ̀yin aboyún, ẹ máa bọ̀!"

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Bàbá Tokpa, olórí ìlú, fi obì àti ata gbígbóná lọ àwọn àlejò. Òyìnbó kan jẹ ata náà, omi bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé agbádá òfì onílà gbọọrọ wọ Ònórébù Dorbor.

"Láti òní lọ, ọmọ Gbalasu ni yín!" Bàbá Tokpa kígbe. "Ẹni tó bá dójú tì yín, àwa ló dójú tì!"

Àtẹ́wọ́ ṣì ń dún lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin yọ láti ọ̀nà odò. Wọ́n so aṣọ mọ́ ọ̀pá gígùn, aboyún kan sì ń kérora nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Sumo, rí aṣọ funfun lára Nowai, ó wólẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà wá! Ó ti ń rọbí láti àná. A ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ọsibítù àwọn onígbàgbọ́ kí a tó gbọ́ yín lórí rédíò. La bá yí padà."

Nowai bojú wo akọ̀wé náà. Ọ̀gbẹ́ni Varney rẹ́rìn-ín sí àwọn òyìnbó, ó wá sọ ọ́ sí i létí pé, "Gbé e wọlé. Ṣáà máa fọwọ́ pa á lórí. Wọn ò ní pẹ́ lọ."

Bàbá Tokpa náà sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, a ti wọ Ònórébù láṣọ o. Má sọ ìlú di ẹlẹ́yà."

Nowai àti àwọn ọkùnrin náà gbé obìnrin náà wọlé. Níta, Ònórébù ń pariwo pé aboyún kankan kò ní kú mọ́ lágbègbè náà.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ mi ṣì ń mira?" obìnrin náà bi í.

Nowai kò mọ ibi tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé. Ó ń retí kí ọ̀rọ̀ Ònórébù parí, ṣùgbọ́n yunifásítì ni ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ rin aṣọ ni ọmọbìnrin náà sáré jáde.

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì! Kò sí nọ́ọ̀sì níbí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ yín gbé e lọ!"

Bàbá Tokpa dorí kodò. Òyìnbó obìnrin kan ló kọ́kọ́ sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ìyá yè. Ọmọ kò yè. Dókítà ọsibítù ní ká ní wọ́n tètè gbé ìyá dé ni, ọmọ náà ì bá yè.

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Gbarnga fún Nowai mọ́. Nínú ìlú, wọ́n ní ó ta wọ́n fún àjèjì. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Nígbà tó yá, ó lọ sí abúlé Sumo láti lọ tọrọ àforíjì.

"Ẹnu rẹ ló yí wa padà lọ́nà," ni Sumo wí. "Ẹnu rẹ náà ló gba ìyàwó mi là. N kò tíì mọ èyí tí n ó máa rántí."

Nowai ti rò pé àlejò ni òun ń parọ́ fún, àwọn ìyẹn yóò wò ó, wọn yóò sì máa lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a pa fún àlejò, ará ilé ló ń gbà á gbọ́. Olóṣèlú ló ṣe ìlérí òfìfo. Ẹni tó yá a lẹ́nu kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́.