Ẹ̀rọ Tí Kì Í Bàjẹ́

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì lásán ni. Òun kọ́ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ò rí ọjọ́ tó kọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ń ka ìwé kan sétí ìyàwó rẹ̀. Ó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fi agbára oòrùn sẹ́ omi. Ìwé yìí ni ẹgbẹ́ fẹ́ fi tọrọ owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ àjọ kan, torí asẹ́ inú ẹ̀rọ òpin òpópónà wọn ti gbó. Omi tó ń jáde níbẹ̀ pọ́n bíi tíì, inú sì ń run àwọn ọmọdé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àjọ yìí ò ní gbàwé mọ́.

"'Ẹ̀rọ wa, àrà mérìíyìírí, kì í bàjẹ́, kì í ṣàárẹ̀...'"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ife kalẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló fi gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀ kà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń fúnni lówó ìrànwọ́.

"Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí n ṣe bí àjọ náà. Kí lẹ fẹ́ fowó wa ṣe?"

"Ká pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ wa tó bà..."

"Èyí tí kì í bàjẹ́ yẹn? Ẹ kú oríire o! Ẹni tó kàn, ó yá, wọlé!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n fajú ro. "Ṣé kí n máa sọ fún àlejò pé ilé wa ń jò ni?"

"Ẹni tílé ẹ̀ ò jò, ta ló máa fún un ní páànù?"

"Ṣùgbọ́n gírámà ibẹ̀ dùn."

"Ó dùn, díẹ̀ ló kù kí n jó. Àmọ́ mi ò gbọ́ nípa àwọn ọmọ níbẹ̀. Ta ló tiẹ̀ máa tọ́jú asẹ́ tuntun?"

"Àwọn tó ń pọnmi níbẹ̀ ni. Wọ́n ti pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, wọ́n á máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń fi ìyẹn pa mọ́?"

Ó mú bíírò, ó ń fagi lé àrà mérìíyìírí bí ẹni ń fá irun ara rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́. Omi rẹ̀ ń mú kí inú máa run àwọn ọmọ wa." Ó fi ti asẹ́ tuntun àti àwọn tí yóò máa fọ̀ ọ́ kún un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìwé ti lọ.

Àjọ rán ẹnì kan wá yẹ ẹ̀rọ wò. Ohun tó kà nínú ìwé náà ló bá, àjọ sì fowó ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi asẹ́ tuntun sí i, Ọ̀jọ̀gbọ́n bu omi sí ife, ó gbé e sókè wò.

"Ó mọ́ ju gírámà yín lọ," ìyàwó rẹ̀ wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ̀ǹda ara yín láti wá owó fún ẹgbẹ́, ẹni tó ń wá oògùn kì í bo egbò. Ẹ sọ ohun tó bàjẹ́, ẹni tó ń pa lára, ohun tí ẹ ó fowó ṣe àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ má bù mọ́ ọn. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ kà á sétí ẹni tí kò ní bẹ̀rù àtifi yín rẹ́rìn-ín.