Ẹni Tó Hú Bọ́mpù Iwájú Ilé-Kéwú

Òkú Àáfà Sàídù wà lójú títì ní Adéwọlé, wọ́n fi ẹní ilé-kéwú bò ó. Bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Kò sẹ́ni tó rí èkejì.

Sátidé ìmọ́tótó ni, ọjọ́ tí wọ́n máa ń sé ọ̀nà láti aago méje sí mẹ́wàá kí onílé lè gbálẹ̀, kí wọ́n sì kó gọ́tà. Aago mẹ́wàá lù, wọ́n ṣí ọ̀nà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mọ́tò kan gbá Àáfà níbi tó ti fẹ́ mú àwọn ọmọ kéwú sọdá.

Inspẹ́kítọ̀ Asabe ká ẹní náà sẹ́yìn díẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún òkú. Ọ̀dà funfun wà lára ìka mẹ́ta, kò tíì gbẹ tán. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀. Bọ́mpù kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí mọ́tò fi máa ń rọra. Wọ́n ti hú u kúrò, wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ojú ibẹ̀ pẹrẹsẹ. Ojú dígà hàn létí rẹ̀, kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ.

Awakọ̀ tó gbá a jókòó létí ọ̀nà. Àlejò ni ní Ìlọrin.

"Mo ń sáré, mádámù, mi ò ní purọ́. Kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà tó ní kí n rọra."

Fóònù Asabe dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni.

"Kọ ọ́ pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn já lu títì láìwò, Asabe. Ká parí ẹ̀."

Jummai, ìyàwó olóògbé, gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ Asabe mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Àáfà fi bẹ ìjọba nítorí bọ́mpù yẹn. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dáhùn, àwa òbí ọmọ la dáwó ra sìmẹ́ńtì. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé àìwòye ló pa wọ́n, wọn ò ní jẹ́ ká tún un ṣe mọ́. Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ló ń sọdá níbí!"

Ó ye Asabe. Kò ní mọ́tò. Ojoojúmọ́ ló ń fẹsẹ̀ rìn dé àgọ́, etí gọ́tà ló sì ń fò sí bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, nítorí àwọn tó ṣe títì náà kò rántí pé èèyàn lẹ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá pa ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á ní òun ló jẹ̀bi. Ìwà ìkà gbáà ni.

"Ta ló ń bínú sí bọ́mpù náà?"

"Gàní, alága oníkẹ̀kẹ́. Sufyan, kọntirakítọ̀ tó fẹ́ tún títì ṣe, náà ò fẹ́ ẹ."

Gàní kò jiyàn.

"Mo sọ pé màá hú u. Ó ń ba ṣọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ wa jẹ́. Àmọ́ wallahi, mi ò fọwọ́ kàn án. Àáfà ló ń kọ́ ọmọ mi ní kéwú."

"Níbo lẹ wà lálẹ́ àná?"

"Mo sùn sílé. Ìyàwó mi nìkan ló rí mi."

Sufyan ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Oṣù tó ń bọ̀ ni katapílà mi máa wú gbogbo títì yìí. Kí ni màá máa fi dígà họ bọ́mpù kan fún?"

Asabe tún wo ojú dígà tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ó ní kó máa lọ.

Ó kù Alájì Abdulfattah, tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó kọjú sí ilé-kéwú. Ó dúró lórí kọnkéré tuntun tó fi dí ojú gọ́tà, kí mọ́tò lè gùn ún wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ojú kọnkéré náà ṣì tutù.

"Inna lillahi. Gàní ló ṣe é," ni Alájì wí. "Lálẹ́ àná, lẹ́yìn ìrun ìṣáí, mo ń ti ṣọ́ọ̀bù, mo rí òun àti ọkùnrin méjì tí wọ́n ń hú u. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

"Ẹ ò sì pariwo?"

"Ta ló fẹ́ wàhálà oníkẹ̀kẹ́?"

"Ní àárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Lébírà mi méjì ló wá kó gọ́tà. Èmi ò dé títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà."

Asabe padà sọ́dọ̀ Jummai. "Ọ̀dà wo ló wà lọ́wọ́ ọkọ yín?"

"Ti bọ́mpù náà ni. Ìpín ilé-kéwú nínú ìmọ́tótó nìyẹn. Gbogbo Sátidé ìmọ́tótó, tí a bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á tún un kùn. Èmi ni mo gbé garawa ọ̀dà lọ́wọ́."

"Lónìí?"

"Lónìí yìí, kí aago méje tó lù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ilé-kéwú la ti ń gbálẹ̀ títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà."

Asabe yíjú sí ṣọ́ọ̀bù Alájì. Ó gba dígà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó gọ́tà, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì fi ṣá kọnkéré tuntun náà.

"Mádámù! Ẹ fẹ́ ba nǹkan jẹ́ ni?"

Ìgbà kẹta tó ṣá a ló fọ́. Abẹ́ rẹ̀ kún fún àfọ́kù kọnkéré àtijọ́. Asabe fa ọ̀kan yọ. Apá kan rẹ̀ funfun. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀dà sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Alájì, bọ́mpù tí Gàní hú lálẹ́ àná, ta ló wá kùn ún láàárọ̀ yìí?"

Abdulfattah fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kúrò lórí kọnkéré náà.

"Ṣe lẹ dúró di ìgbà tí ọkọ̀ kò sí lójú ọ̀nà. Gbogbo Ìlọrin ló ń gbé dígà láàárọ̀ yìí, ta ni yóò bi lébírà yín léèrè? Wọ́n hú u, wọ́n fi àfọ́kù rẹ̀ dí gọ́tà níbí. Ẹ ò mọ̀ pé Àáfà ti jí kùn ún."

"Mi ò pa á! Mọ́tò ló pa á!" Ohùn rẹ̀ ròkè. "Ẹ wo ìlà mọ́tò tó máa ń tò dí ẹnu ọ̀nà mi! Àwọn oníbàárà ní abẹ́ mọ́tò àwọn ń họ, wọ́n ti ń lọ sí ibòmíì. Ẹni tó ní mọ́tò ló ń rajà, mádámù. Kí làwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń rà? Bísíkíìtì!"

Asabe fẹ́ gbá a létí. Ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ dípò bẹ́ẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lójú Jummai.

"Ọ̀gá, Àáfà ò jẹ̀bi. Ẹni tó hú bọ́mpù àti ẹni tó ń sá eré àsápajúdé ni mo ń mú bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe kọ ọ́."

Ọkọ̀ ọlọ́pàá wà lódì kejì títì. Asabe mú Abdulfattah dé etí ọ̀nà. Mọ́tò kan ń bọ̀, kò rọra.

"Ẹ ní kó dúró," ni Alájì wí.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ ní kó dúró."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Mọ́tò fọn fèrè lé e lórí, ó kọjá fìrì. Alájì fò sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kó sínú gọ́tà. Òmíràn kọjá, òmíràn tún kọjá. Òógùn bò ó.

"Ṣé wọn ò rí wa ni? Ṣé wọn ò rí èèyàn ni?"

"Wọ́n rí yín, Alájì," ni Asabe wí. "Oníbàárà yín ni wọ́n."

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó rí àyè sọdá.