Ẹni Tó Dá Orin Òkú

"Ẹ gbọ́ ná!" Túbọ̀sún fò gun orí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jọba. "Ọjọ́ tí mo hun orin yìí, mi ò tíì dé ìdajì rẹ̀ tí àwọn alángbá fi ń já bọ́ láti ara ògiri, tí wọ́n ń sunkún. Odò Ògùn dúró gbọnrangandan. Nígbà tí mo parí ẹ̀, odò náà yíjú padà, ó ṣàn gòkè lọ sí Ọ̀yọ́, ó lọ pe ìyá rẹ̀ wá gbọ́!"

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ eré rẹ́rìn-ín títí fèrè fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan.

"Àwọn ẹja inú odò wá ńkọ́?"

"Àwọn ẹja? Gbogbo wọn gòkè wá, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń mi orí. Ìyá mi fẹ́ mú méjì sè, àánú wọn ni kò jẹ́."

Ẹ má wulẹ̀ wá alángbá kankan láti fi ṣe ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe pé Túbọ̀sún bu iyọ̀ sí ìtàn náà nìkan: orin gan-an kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọ Sàró ni. Àwọn òbí rẹ̀, Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, bá ọkọ̀ ojú omi dé láti ilẹ̀ Sàró, wọ́n sì kọ́ ilé onípákó sí Aké ní Abẹ́òkúta. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì ju fọ́nrán mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n tí ó bá gbé gòjé òyìnbó lé èjìká, tí ó fi igi onírun ẹṣin fà á, àwọn àgbà á dákẹ́. Tíṣà Ọládipọ̀, tí òun náà jẹ́ Sàró, ló kọ́ ọ. Tíṣà yìí ló kó gòjé mẹ́rin, fèrè méjì, kàkàkí idẹ kan àti dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ kan jọ, dùùrù tó ń húkọ́ bí bàbá arúgbó nínú ọyẹ́. Ó ní òun fẹ́ ṣe eré orin fún gbogbo ìlú, kí ọkàn àwọn èèyàn lè fúyẹ́ díẹ̀.

Ìlú sì nílò ìfúyẹ́. Ogun Ìjàyè ti kó àwọn ọkùnrin lọ tán. Ní Abẹ́òkúta lọ́dún náà, ilé tí kò bá sí ẹni tó ń retí ẹnìkan, a jẹ́ pé ológbò nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

"A ó kọ orin àwọn ọ̀gá àtijọ́ ilẹ̀ òyìnbó," ni Tíṣà wí fún wọn, "àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ tuntun, kó jẹ́ pé ọmọ Ẹ̀gbá tó wà láàyè ló hun ún. Ẹni tó bá mú un wá, òun ni n ó mú dání lọ sí Èkó láti lọ kọ́ iṣẹ́ orin dé gbòǹgbò."

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti kúrò lójú Túbọ̀sún. Èkó! Ó fẹ́ Èkó bí ẹni òùngbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ó hun orin títí, gbogbo èyí tó hun ń dún bí ewúrẹ́ tó já sí kànga. Ibẹ̀ ló ti rántí Ìtokò, àdúgbò kan nínú ìlú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, òun àti ìyá rẹ̀ lọ kí àwọn ọlọ́fọ̀ nílé Bàbá Olúṣẹ̀yẹ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọrin kan lẹ́yìnkùlé, orin náà sì lẹ̀ mọ́ ọn létí bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn fà á gùn síbí, ó gé e kúrú sọ́hùn-ún, ó sì gbé e lọ fún Tíṣà.

Nílé tiwọn, inú ìwé ni gbogbo orin wà. Èèyàn lè máa kọ orin ìsìnkú bó ṣe ń bẹ iṣu, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló dé. Túbọ̀sún rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìtokò. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nílé Olúṣẹ̀yẹ, ẹnikẹ́ni kì í kọ orin yìí lóko, wọn kì í fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí ọmọ ilé bá kú sí ọ̀nà jíjìn, ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí òkú ló máa dé ẹnu ọ̀nà, tí yóò dá orin náà. Kò ní sọ̀rọ̀ kankan mọ́. Bó bá ti dá a, ilé ti gbọ́, àwọn obìnrin á sì gbà á kọ parí.

Wùnmí, tó ń fọn fèrè, ló kọ́kọ́ fura. Lẹ́yìn ìdánrawò kan, ó fa Túbọ̀sún sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

"Túbọ̀sún, níbo lo ti rí orin yẹn?"

"Nínú ikùn mi."

"Ikùn tí kò sí nǹkan míì níbẹ̀ ju ẹ̀kọ àti àkàrà? Má bá mi ṣeré. Bí mo ṣe ń fọn ọ́n, ṣe ni orí mi ń wú. Ó jọ ohun kan tí mo gbọ́ ní kékeré, nígbà tí bàbá ìyá mi kú. Ìtokò ni ìyá mi ti wá, ṣé o mọ̀. Jẹ́ n bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi léèrè kí eré tó dé."

 Ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan ṣoṣo ló kù kí Túbọ̀sún sọ, ì bá sì ti bọ́ nínú ọ̀ràn. Ó la ẹnu, ó rí Èkó lọ́kàn rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Ó fa Bíbélì kékeré yọ lápò, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Mo búra, èmi ni mo hun ún. Bí o bá lọ béèrè, orúkọ mi lo fẹ́ bà jẹ́ nítorí ìlara."

 "Ẹnu òrofó níí pa òrofó o," ni Wùnmí wí. Ṣùgbọ́n Túbọ̀sún ti búra, Wùnmí kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ eré pé. Ojú ọ̀run ti dúdú láti òwúrọ̀ bí ìkòkò aró. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kún dé ẹnu: àwọn Sàró nínú kóòtù tó ń sè wọ́n bí ẹ̀wà, ìyá Túbọ̀sún wà láàárín wọn, àwọn oníṣòwò Ìmàle pẹ̀lú láwàní wọn, àwọn ará Ìtokò lẹ́yìn pátápátá. Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, olórí ilé náà, wà níbẹ̀. Ìyá Olúbọ̀dé jókòó tì í. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Wùnmí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì ti lọ sógun Ìjàyè láti ọdún tó kọjá. Kò sí ìròyìn. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ìyá náà ń bu oúnjẹ Olúbọ̀dé sọ́tọ̀, á sì máa wo ojú ọ̀nà. Wùnmí ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbọ́ orin, kó lè gbàgbé ìrònú fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin àwọn ọ̀gá àtijọ́. Gòjé ń lé ara wọn kiri, kàkàkí ń bú ramúramù, dùùrù ń húkọ́.

"Ṣé ìjà ni wọ́n ń jà ni?" ni arúgbó kan béèrè.

"Rárá, bàbá," ni ẹnìkejì rẹ̀ dáhùn, "wọ́n ń parí ẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kódà, Ìyá Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà náà ni Tíṣà yíjú sí wọn.

"Èyí tó kàn, kò tíì sí etí tó gbọ́ ọ rí. Ọmọ yín, Túbọ̀sún, ló hun ún. Òun náà ni yóò dá a."

Túbọ̀sún yọ síwájú, ó tẹríba, ó gbé gòjé lé èjìká. Ó fa ohùn àkọ́kọ́. Gòjé yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, fèrè tẹ̀ lé e.

Ìyá Olúbọ̀dé dìde. Kò pariwo. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ó fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ já, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká abẹ́ àga. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo obìnrin Ìtokò káwọ́ lé orí. Ó rìn gba àárín èrò kọjá títí ó fi dé iwájú. Wùnmí yọ fèrè lẹ́nu. Gòjé ń dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá àgbàlagbà yìí kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, o kú ìrìn," ló wí jẹ́jẹ́. "O kú ọ̀nà jíjìn. Níbo lo ti rí i? Ṣé wọ́n rí aṣọ bò ó? Ṣé wọ́n sin ín, àbí wọ́n fi í sílẹ̀ fún igún?"

Túbọ̀sún sún sẹ́yìn. "Ta... ta ni, ìyá?"

"Olúbọ̀dé. Òun nìkan ló wà lójú ogun nílé wa. Má bẹ̀rù, sọ fún mi. Ṣé ó pe orúkọ mi?"

Bàbá Olúṣẹ̀yẹ ti dé ẹ̀yìn ìyá náà. Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀.

"Ọmọ, bọ́ síwájú. Nílé wa, ẹni tó bá dá orin yìí ló ń mú wa lọ síbi òkú. Mo ti rán àwọn ọmọkùnrin kí wọ́n lọ mú ọkọ́. Ṣíwájú ká máa lọ."

"Bàbá, èmi... mo hun orin náà ni."

"Wọ́n kì í hun ún. Wọ́n ń bá a nílé ni."

Tíṣà Ọládipọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ibi dùùrù. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Túbọ̀sún, orin ta ni?"

"Orin mi ni, sà."

"Ó dáa," ni Bàbá Olúṣẹ̀yẹ wí. "Bó bá jẹ́ tìrẹ, a jẹ́ pé o mọ ibi tí òkú wà. Ṣíwájú."

Gòjé bọ́ lọ́wọ́ Túbọ̀sún, ọrùn gòjé náà sì kán. "Kò sí òkú! Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kò sí òkú kankan! Ilé yín ni mo ti gbọ́ ọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo jí i ni. Èkó ni mo fẹ́ lọ!"



"Ṣé ọmọ mi wà láàyè nìyẹn?" ni Ìyá Olúbọ̀dé béèrè.

"Mi ò mọ̀, ìyá. Mi ò rí i rí."

Ìyá náà fọwọ́ kan ọrùn tí ìlẹ̀kẹ̀ ti kúrò. "Nígbà tí mo jí láàárọ̀ yìí, ọmọ mi ń bẹ láàyè. O pa á. Ní báyìí, o ní o ò pa á. Èwo ni kí n gbé relé?"



"Ẹyin lohùn," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ká ní o sọ pé o ò ní orin, àwa ì bá ti fi ti àwọn àtijọ́ parí eré. Kò sí ohun tí ì bá ṣe ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò bá ti ọwọ́ rẹ wá, má pè é ní tìrẹ, nítorí o ò mọ ẹni tí ẹkún rẹ̀ wà nínú ẹ̀."

Bàbá Olúṣẹ̀yẹ gbé ìyá náà dìde. "Orin tí wọ́n bá ti dá, a kì í gbé e mì," ló wí fún àwọn obìnrin. "Bó wà láàyè o, bó ti kú o, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ parí ẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ohùn wọn wúwo bí òkúta. Ẹnìkan pariwo pé, "Ẹ di ọmọ yẹn mú!"

Túbọ̀sún fo àga, ó gba abẹ́ apá ọkùnrin kan kọjá, kóòtù rẹ̀ há sí ẹnu ilẹ̀kùn, apá kóòtù náà já sílẹ̀ níbẹ̀. Òjò ti dé. Kò sá lọ sílé, nítorí ìyá rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó kàn ń sá lọ nínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.