Ohun Tí Wietske Fi Pamọ́ fún Dókítà

"Kí ló ń ṣe ọ́, Wietske?"

Orí ìdúró ni Wietske wà níwájú kántà ilé-ìwòsàn abúlé wọn. Àwọn méjì tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní agbègbè Friesland tí wọ́n ń gbé, ìdí kántà lèèyàn ti ń ka àìsàn rẹ̀ kó tó fojú kan dókítà. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé Ìyá Hoekstra ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ ìyá yìí ni ọ̀gá tó ń yẹ wàràkàṣì wò lábúlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Wietske, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fẹ́ ti kọ́ṣẹ́. Imú ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀, ó ti tó oṣù mẹ́fà tí imú Wietske kò gbóòórùn ohunkóhun.

"Imú mi ló dí, mà. Ó ti pẹ́."

"Ṣé ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ọ́? Ṣé o ṣì ń gbóòórùn?"

Wietske rò ó wò. Tó bá sọ òótọ́, ṣé ìyá yìí ò ní rò ó fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ? Ó rántí Maaike, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí àìsàn imú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń ṣe òun náà. Ojú máa ń dun Maaike gan-an, ṣùgbọ́n ó ń gbóòórùn. Ni Wietske bá yá àìsàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò.

"Mò ń gbóòórùn dáadáa, mà. Ojú ló ń dùn mí, títí dé eyín."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni ìyá wí, ó sì kọ ọ́.

Ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ni í ṣomi sí. Ohun tí wọ́n kọ ni dókítà ṣiṣẹ́ lé. Ó ní kó máa fi omi iyọ̀ fọ imú, ó sì fún un ní oògùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Wietske padà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni dókítà bi í léèrè òórùn. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́wọ́, àmọ́ ó rò ó pé Ìyá Hoekstra náà ló ń tọ́jú ìwé dókítà. Ó tún parọ́.

Nígbà tí àìsàn náà pé oṣù mẹ́jọ, Ọ̀gá Hoekstra pè é fún ìdánwò. Ó ti irin oníhò bọ wàràkàṣì mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa díẹ̀díẹ̀ yọ, ó sì nà án sí i.

"Gbóòórùn wọn. Èwo ló ti bàjẹ́?"

Wietske gbé wọn símú títí, ṣe ló dà bí ìgbà tó ń gbóòórùn omi. Ẹ̀rù bà á. Ó wo àwọ̀ wọn, ó sì mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá díẹ̀.

"Ìkejì ni, sà."

Ọ̀gá wò ó pẹ̀lú àánú. "Ìkẹta ni. Láti ẹnu ọ̀nà lèèyàn ti ń gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ mi, kí ló ṣe imú ẹ?"

Ẹkún ni Wietske fi dá a lóhùn. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbà síṣẹ́.

Ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà onímú nílùú. Dókítà obìnrin náà fi kámẹ́rà tín-ínrín wo inú imú rẹ̀.

"Ẹran kéékèèké ti hù kúnbẹ̀," ni ó wí. "Oríṣi àìsàn yìí kan wà tó jẹ́ pé ojú ló máa ń dunni jù. Ti òmíràn, òórùn ló máa ń pòórá, ojú kì í sì í sábà dunni. Ìyẹn ni tìrẹ. Ẹnu aláìsàn la fi ń mọ ibi tá a ó kọ́kọ́ wò."

"Ká ní mo ti sọ ńkọ́?"

"À bá ti tètè rí i. A máa yọ ọ́, wàá sì máa fín oògùn símú. Àmọ́ bóyá òórùn á padà, mi ò lè ṣèlérí."

Ìyá Hoekstra wá kí wọn nílé. Wietske jẹ́wọ́ fún un pé ẹ̀rù ló ba òun pé yóò sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yẹn," ni Ìyá Hoekstra wí. "Mi ò gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kankan wálé rí."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó ń ṣe yín gan-an ni kẹ́ ẹ sọ. Dókítà tí a parọ́ fún, irọ́ ni yóò máa wò, àìsàn á sì wà níbi tó wà.