Ìgbìmọ̀ Tí Yóò Tọrọ Ìyàwó fún Ààrẹ

Bùsírátù, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ń kọ ìwé "ìgbìmọ̀ kò gbà" kẹsàn-án lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Gidan Igwai, ní ìlú Sókótó, nígbà tí ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn wọlé. Eruku ọyẹ́ ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun bí ti arúgbó, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì pé ogójì ọdún. Ìwé mẹ́jọ àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, èmi kọ́ ni mo pinnu rẹ̀. Ẹ jókòó, Ààrẹ, kí n parí ẹ̀kẹsàn-án. Ẹ ó kúkú mú un lọ, kí ẹ má baà pààrà ọ̀nà."

Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. "Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára. Ẹni tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ lé jáde kò ní tètè mọ̀ pé wọ́n ti lé òun."

Kàmál ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń ta ohun èlò alùpùpù ní Kofar Kware. Ẹni tó fìdí rẹmi nígbà tí wọ́n dìbò yàn án ní ààrẹ ni Alhaji Hùsèínì, olórí ìgbìmọ̀, bàbá Bùsírátù gan-an. Nínú ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlá, mẹ́jọ ń tẹ̀ lé Alhaji. Bí Ààrẹ bá ní kí wọ́n gbẹ́ kànga, ìgbìmọ̀ a ní àwọn kò gbà. Bí ìgbìmọ̀ bá ní kí wọ́n mọ odi yí ibi ìsìnkú ká, Ààrẹ kò ní buwọ́ lù ú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà lójoojúmọ́, ewúrẹ́ sì ń jẹko lórí òkú.

Láti ọjọ́ náà, Kàmál fúnra rẹ̀ ló ń mú ìwé wá. Nígbà tó yá, ó gbé ẹran kìlíṣí wá, kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ rè é?" Bùsírátù bi í.

"Rárá o. Ẹni tí ń kọ 'a kò gbà' tó báyìí, ó yẹ kó máa jẹun."

Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti fi "ẹ̀yin" sílẹ̀, wọ́n ti mú "ìwọ". Nígbà tí ooru dé, Kàmál ní òun fẹ́ ẹ. Inú Bùsírátù dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi ife kan. Lẹ́yìn náà ló rántí àṣà ẹgbẹ́.

Àwọn òbí Kàmál ti kú, kò sì ní ẹbí kankan ní Sókótó. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ ni ẹbí rẹ̀. Wọn a dìbò, olórí wọn a sì ṣáájú wọn lọ tọrọ ìyàwó. Alhaji ni yóò bá Kàmál tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Alhaji!

Kàmál kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n bá òun tọrọ Bùsírátù. Wọn kò tí ì ka ìwé náà tán tí Alhaji fi sọ pé, "A kò gbà. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́."

Bùsírátù kọ ọ́. Ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kàmál ní Kofar Kware, ó jù ú sórí tábìlì.

"Wo ohun tí wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ."

"Bàbá rẹ ló kúkú ń ṣe é."

"Ẹ̀yin méjèèjì ni! Odi ibi ìsìnkú ńkọ́? Kí ló burú nínú odi?"

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn ló ṣáà mú un wá."

"Haba, Kàmál! Ṣé o gbọ́ ohun tí o sọ? N kò lè fẹ́ ọkùnrin tí kò mọ̀ ju kó dá nǹkan dúró lọ. A ti ní ọ̀kan nílé wa."

Kàmál nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀, ó fa ìwé odi jáde lábẹ́ páálí táyà, ó sì buwọ́ lù ú.

"Má kọ àdéhùn kankan sí i o," Bùsírátù kìlọ̀ fún un.

"N kò kọ nǹkan kan, olólùfẹ́ mi. Mú un lọ."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n gbọ́ pé Ààrẹ ti buwọ́ lu ìwé odi, Ìyá Táwà, igbákejì olórí, ló dìde.

"Alhaji, ọkọ mi wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ń sùn lé e lórí. Ọmọ yìí ti ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìtọrọ yẹn padà wá. Èmi ni n ó ṣáájú, kí ẹ̀yin jókòó sílé yín kí ẹ máa dúró dè wá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mẹ́wàá lọ sókè, ó ku ti Alhaji nìkan. Alhaji wo ọmọ rẹ̀.

"Ṣé òun lo fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O kò sì sọ fún mi?"

"Ìgbìmọ̀ kò bi mí, Bàbá."

Alhaji húkọ́, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ sókè. "Tóò. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kànga náà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Akọ̀wé, ẹ kọ ìwé ìtọrọ."

Bùsírátù kọ ọ́ pé: "Àwa ìgbìmọ̀, ẹbí Kàmál, ń bọ̀ wá rí yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nítorí ọmọbìnrin yín, Bùsírátù." Ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó kúnlẹ̀, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Alhaji fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bùsírátù fi ìdérí dé bíirò rẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì jáde lọ.