Iná Kékeré Lórí Ìka

Ọwọ́ ọkùnrin náà ni Hàbíbátù kọ́kọ́ rí, kó tó wo ojú rẹ̀: ọwọ́ gígùn, tó gba ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni gba ẹyin.

“Àṣàbí, ní sùúrù,” ni ìyá rẹ̀ ń fi oríkì rẹ̀ pẹ̀tù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fìlà ni Hàbíbátù ń fọwọ́ rán n'Ìkọ̀tún kí gíláàsì tó gé iṣan ìka rẹ̀. Dókítà ti rán an, àmọ́ àwọn ìka náà gan bí igi. Ọkùnrin náà, Jibril, tó ń tọ́jú ọwọ́ nílé ìwòsàn kan n'Ígàndò, fi ike di ọwọ́ náà. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ bí èékánná wà lórí ìka kọ̀ọ̀kan: bí ìka bá tẹ nǹkan dáadáa, iná á tàn, ìròyìn á sì dé orí fóònù Jibril.

“Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Màá máa retí yín.”

“Ẹ ò níyàwó tẹ́ ẹ máa retí ni?”

“Iná yín ni mo ṣì ń wò ná, jàre.”

Nílé, ìrora ò jẹ́ kí iná tàn. Bàbá rẹ̀ sì ti búra: bí ọwọ́ náà ò bá jí lọ́sẹ̀ mẹ́fà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni Hàbíbátù ń padà sí. Ìbẹ̀rù mú un, ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Iná tàn. Kíá ni Jibril kọ̀wé: “Máṣàllàh! Ẹ kú ìgbìyànjú.”

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láràárọ̀, tayọ̀ tàyà jíjá.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, Jibril tú ike, ó gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. “Ẹ mú un.”

Abẹ́rẹ́ bọ́. Ó tún bọ́. Omijé náà bọ́.

“Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.”

Jibril mú abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀. “Àṣé ọwọ́ òsì yín ni mo ti ń kí láti ọjọ́ yìí!”

“Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní kí mi mọ́.”

“Òsì ń wẹ ọ̀tún lóòótọ́, àmọ́ kì í bá a gba ìrora.” Ó tún ike dè, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀. “Ẹ tẹ̀ mí. Ó tàn o, kò tàn o, màá kí yín lọ́la.”

Hàbíbátù ké pe Ọlọ́run Olùwòsàn, ó tẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn. Òógùn bò ó. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lórí ìka kẹrin, iná ṣẹ́jú fìrì, ó sì dúró.

“Ìka kan ṣoṣo ni,” ó ń sunkún. “Bàbá mi á ní kò tó.”

“Ṣé kì í ṣe ìka kan náà ni wọ́n ń fi òrùka sí, Àṣàbí?”

Ó túbọ̀ tẹ ọwọ́ Jibril, kò jẹ́ kí iná náà kú.

“Bàbá mi máa ń wà nílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀,” ló wí. “Ẹ má pẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù.”