Ọwọ́ Òsì Lórí Orúnkún

"Edilio, báwo lo ṣe máa ń mọ̀?"

Wascar ló bi mí bẹ́ẹ̀. A jókòó sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń fi eyín bó ìrèké.

"Kí n mọ kí ni?"

"Ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Wọn ò tíì gbá a, ìwọ ti gbéra síbẹ̀. Àbí o ní oògùn ni?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìwà mi fún yín. Mo fẹ́ràn kí n máa wádìí nǹkan, bí mo bá sì ti rí ìdí rẹ̀, ara mi kì í balẹ̀ àfi tí mo bá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Nítorí ìbéèrè mi tí kì í tán ni Ọ̀gá Nicasio, tó ń kọ́ wa ní béèsìbọ́ọ̀lù ní Consuelo, ìlú wa, ṣe ń pè mí ní Ọlọ́pàá.

Ṣọ́ọ̀tìsítọ́ọ̀pù ni mí. Àárín béèsì kejì àti ìkẹta, ìyẹn àwọn ibùdó tí eléré ń sá dé, la máa ń dúró sí, lẹ́yìn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, níbi tí bọ́ọ̀lù tó le jù máa ń gbà kọjá. Ní ìlú tiwa, kò sí ọmọkùnrin tí kò fẹ́ dúró síbẹ̀.

"Ìka ni mò ń wò," mo sọ fún Wascar. "Ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn ẹ̀yin tẹ́ ẹ di igi mú láti gbá bọ́ọ̀lù, ó máa ń fi ìka ṣe àmì láàárín itan rẹ̀ sí Yeudy tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ìka kan, kó ju bọ́ọ̀lù tààrà. Ìka méjì, kó ju bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn. Ẹ̀yin ò lè rí i. Èmi ń rí i látọ̀ọ́kán. Bó bá ti jẹ́ ẹ̀tàn, ẹ máa ń yára gbá a jù, ó á sì wá sọ́dọ̀ mi."

Wascar dáwọ́ ìrèké dúró. "Gbogbo ìgbà lò ń rí i?"

"Gbogbo ìgbà."

Bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn yìí gan-an ló ń ba Wascar lọ́kàn jẹ́. Tí wọ́n bá ju tààrà sí i, inú oko ìrèké ló máa gbá a sí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn Yeudy máa ń bọ̀ wá sí ọ̀kánkán àyà bí ẹni pé ibẹ̀ ló máa gbà kọjá, kó tó dé, ó ti já sí orúnkún, Wascar á sì fi igi gbá atẹ́gùn. Ó máa pé ọmọ ọdún méjìdínlógún lóṣù tó ń bọ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, arúgbó nìyẹn, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń wá. Wọ́n sì ti dá ìyá rẹ̀ dúró níbi tó ti ń ránṣọ. Àwọn aṣàyàn, ìyẹn àwọn tí ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn ń rán wá wo ọmọ, ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí wọn ò bá mú Wascar, Ọ̀gá Nicasio ti ní kó máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Wascar fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọwọ́ òsì ẹ nìkan ni, Edilio. Fi í sórí orúnkún bó bá jẹ́ tààrà. Gbé e kúrò bó bá jẹ́ ẹ̀tàn. Ta ló ń wo ọwọ́ ẹ?"

"Yeudy ńkọ́? Ọ̀rẹ́ wa ni."

"Yeudy kéré sí mi, apá ẹ̀ sì le. Bí wọn ò bá mú un lónìí, wọ́n á mú un lọ́la. Èmi ò ní ọ̀la, ọ̀rẹ́ mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àmọ́ kì í ṣe àánú nìkan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́, ọkàn mi ò sì jẹ́ kí n sinmi. Mo gbà.

Ní Sátidé, àwọn aṣàyàn mẹ́fà jókòó sábẹ́ páànù. Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá Evaristo, tó ti gbá ipò tèmi ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí mi. Yeudy ń ju bọ́ọ̀lù, Wascar di igi mú. Ìka méjì. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún. Wascar ò kánjú. Ó ní sùúrù títí bọ́ọ̀lù fi já wálẹ̀, ó sì gbá a gbàà, ó di inú oko ìrèké. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn aṣàyàn ti ń kọ̀wé.

Yeudy yí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó bojú wẹ̀yìn wò mí, bí ẹni ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ pé kí ló ṣe bọ́ọ̀lù òun. Mo gbé èjìká sókè pé mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn eré, Bàbá Evaristo pè mí.

"Ẹsẹ̀ ẹ dáa, ọmọ. Ọwọ́ ẹ náà dáa. Kí ló ń ṣe ti òsì yẹn?"

"Èwo, bàbá?"

"Ìgbà tọ́mọ yẹn di igi mú nìkan ló ń kúrò lórí orúnkún."

"Kòkòrò ló ń jẹ mí, bàbá."

"Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi gbá ipò yẹn. Kòkòrò ibẹ̀ kì í wo ojú ẹni tó di igi mú kó tó jẹni." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Mi ò lẹ́rìí, mi ò sì ní pariwo. Àmọ́ mi ò lè kọ orúkọ ẹ."

Ẹgbẹ́ kan mú Wascar lọ́jọ́ Ajé. Ìyá rẹ̀ se ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀. Kò sẹ́ni tó mú Yeudy. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn rẹ̀ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Oṣù mẹ́jọ ni Wascar lò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà. Kò sí ọjọ́ kan tí wọn ò ju ẹ̀tàn sí i, kò sì sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó lè wò. Wọ́n dá a padà. Mo lọ pàdé rẹ̀ níbi tó ti sọ̀ nínú ọkọ̀, báàgì kan ṣoṣo ló gbé.

"Ìwọ lo rán mi lọ gba ìtìjú," ó wí.

"Ìwọ lo bẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Ó yẹ kó o kọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ bá Yeudy ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, níbi tó ti ń já ẹrù, nítorí Ọ̀gá Nicasio ti lé e lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ti múra sílẹ̀ pé á gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó jókòó lé àpò ìrẹsì tó gbé sílẹ̀.

"Nǹkan kan ò ṣe bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn mi nígbà yẹn?"

"Nǹkan kan ò ṣe é. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí."

"Láti Sátidé yẹn ni mo ti ń tún un ṣe," ó wí. "Mo yí bí mo ṣe ń fìka dì í mú padà. Mo yí ẹsẹ̀ padà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wá àléébù tí ò sí níbẹ̀." Ó mú ọsàn kan nínú apẹ̀rẹ̀, ìka rẹ̀ ń rìn káàkiri ara èèpo rẹ̀. "Báwo ni mo ṣe ń dì í mú tẹ́lẹ̀, Edilio? Ìwọ lo máa ń wà lẹ́yìn mi. Sọ fún mi."

Èmi tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́pàá kò wádìí ìyẹn rí. Ìka ẹlòmíràn ni mò ń wò ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Mi ò wo ti Yeudy rí.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Evaristo. Ó wá, ó wo Yeudy títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. "Ẹ̀tàn yẹn ti lọ," ni gbogbo ohun tó sọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bá Yeudy mú bọ́ọ̀lù tó ń jù nírọ̀lẹ́, ẹ̀tàn rẹ̀ kò sì padà sí bó ṣe wà.

Ẹgbẹ́ mìíràn mú mi nígbà tó yá. Ọdún kẹjọ mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Yeudy ṣì wà ní Consuelo, ó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sì bú mi rí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Èmi ni aṣeni yẹn. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kì í ṣọ́ ẹ̀yìn, ó ti gbà pé ẹni tó wà lẹ́yìn òun, tòun ló ń ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rẹ́ yín bá bẹ̀ yín fún irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa jìyà rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀. Ká ní mo kọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ni, Wascar ì bá bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, Yeudy ì bá sì máa ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ níwájú mi títí di òní.